Ọwọ́ òsì lórí kíbọọ̀dù: àbùjá wo lẹ ń lò jù tẹ́ ẹ bá ń tún fọ́tò ṣe?

Adéfọ́tò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń fi Photoshop tún fọ́tò ṣe, máòsì nìkan ni mo sì fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ yí irinṣẹ́ padà, ọfà máòsì á rìn dé ẹ̀gbẹ́ òsì. Tí mo bá fẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì kéré sí i, ó dòkè. Tí mo bá fẹ́ fa àwòrán súnmọ́, ìrìn àjò mìíràn nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣe iṣẹ́ mi títí mo fi jókòó ti ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ò kúrò lórí fọ́tò. Ọwọ́ òsì ẹ̀ ń tẹ kíbọọ̀dù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì wo ibi tó ń tẹ̀. Iṣẹ́ tó máa gbà mí ní wákàtí kan, kò lò tó ogún ìṣẹ́jú nídìí ẹ̀.

Mo délé, mo wá àkójọ àbùjá, ìyẹn àwọn bọ́tìnì kíbọọ̀dù tó ń ṣe iṣẹ́ ménù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí mo rí lé ní igba. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lókè kọ̀ǹpútà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, Ctrl+Z àti Ctrl+S tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù sí mi lórí. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi sì ti ń ro mí tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ ń lò lójoojúmọ́? Báwo lẹ sì ṣe kọ́ ọ tó fi wọ̀ yín lára?

BàbáKámẹ́rà

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Àwọn àgbà ní àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ, ibi tí a bá gbà gùn ún náà la ó gbà sọ̀. Ohun tó ò ń wá yìí náà nìyẹn: kò sí àbùjá tá a fi ń kọ́ àbùjá. Yọ ìwé yẹn kúrò lára ògiri. Igba ọ̀nà ò wúlò fún ẹni tí ò tíì mọ ibi tí òun ń lọ jù.

Ohun tí èmi ṣe nìyí. Mo fi ìwé pélébé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọọ̀dù. Mo ń ṣiṣẹ́ mi bí mo ṣe máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí máòsì bá kúrò lórí fọ́tò lọ sínú ménù tàbí síbi irinṣẹ́, mo fa ìlà kan, mo kọ ohun tó gbé e lọ síwájú ẹ̀. Lálẹ́ mo jókòó, mo kà á. Fífa àwòrán súnmọ́ àti títì í sẹ́yìn nìkan gba ìlà tó lé ní ọgọ́rin. Sísọ búrọ́ọ̀ṣì di ńlá tàbí kékeré ló tẹ̀ lé e. Ìkẹta ni dídá iṣẹ́ padà. Ìyókù ò tó nǹkan. Mẹ́ta yẹn nìkan ni mo kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún fa ìlà, mo tún mú mẹ́ta míì.

Ìkejì, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ń kọ́ni. Nínú ménù, wọ́n kọ bọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọ̀pọ̀ àṣẹ. Tó o bá fi ọfà máòsì dúró díẹ̀ lórí irinṣẹ́ kan, lẹ́tà tó ń pè é máa jáde. Nígbà tó o bá ti dé ibẹ̀, má tẹ àṣẹ náà. Ka bọ́tìnì ẹ̀, pa ménù dé, kó o wá fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Ó máa fa iṣẹ́ sẹ́yìn fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Fara dà á.

Ọwọ́Yá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ.

Adéfọ́tò, mi ò ní to àwọn bọ́tìnì fún ẹ bí ìwé ògiri yẹn ṣe tò wọ́n. Jẹ́ kí n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó o rí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Fọ́tò ojú ẹnì kan ni. Ìrorẹ́ mẹ́rin ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀.

Mo ṣí i. Ctrl+J: layer (ìpele àwòrán tó ń lé orí ara wọn bí ìwé) di méjì, ti ìsàlẹ̀ wà bó ṣe wà, nǹkan kan ò ní kàn án. J: irinṣẹ́ tó ń pa àbàwọ́n rẹ́ dé. (Tó bá jẹ́ pé òmíràn nínú ìdílé J ló jáde, Shift+J á yí wọn títí tèmi á fi dé.) Ctrl+1: fọ́tò tóbi dé 100%. Mo fi àtàǹpàkò tẹ Space mọ́lẹ̀, ọfà máòsì di ọwọ́, mo fa fọ́tò títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi wà láàárín, mo jù ú sílẹ̀, irinṣẹ́ mi ti padà. Mo tẹ ] lẹ́ẹ̀mejì kí búrọ́ọ̀ṣì lè fẹ̀ díẹ̀ ju ìrorẹ́ lọ. Mo tẹ àkọ́kọ́, ó lọ. Mo tẹ ìkejì, ó lọ. Ìkẹta kéré, mo tẹ [ lẹ́ẹ̀kan, òun náà lọ. Ìkẹrin wà létí irun, ibẹ̀ ni irinṣẹ́ yìí ti máa ń ṣe jàgídíjàgan, ó fa irun wọ inú awọ ara. Ctrl+Z. Mo tẹ S, Clone Stamp dé. Mo tẹ Alt mọ́lẹ̀, mo tẹ ibi tí awọ ti mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó lè mọ ibi tó ti máa bù. Mo tẹ 5, agbára ẹ̀ wá sí 50%. Mo fi kan ìrorẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra wọlẹ̀. Ctrl+0: odindi fọ́tò padà wọ ojú kọ̀ǹpútà. Mo wò ó láti òkèèrè.

Máòsì ò kúrò lórí ojú ẹni yẹn rárá. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí nìyẹn. Ìṣẹ́jú tá a jèrè dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló jẹ́ kí n di ọwọ́ òsì mú. Nígbà tí mo ń fi máòsì nìkan ṣe é, tí mo bá fi máa mú búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ láti òkè, mo ti gbàgbé bí awọ ibẹ̀ ṣe rí. Mo á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo dé. Ìgbà yẹn ni mo máa ń tún ojú ṣe jù, ojú ọmọlúwàbí á wá ń dán bí ike. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá dúró síbì kan máa mọ ìgbà tó yẹ kóun dáwọ́ dúró.

Adéfọ́tò

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé ojú á máa dán bí ike yẹn, èmi gan-an lẹ bá wí. Tó bá wá jẹ́ mask ńkọ́, èyí tá a fi ń bo apá kan layer láì pa á rẹ́? Ibẹ̀ ni àkókò mi ń lọ sí jù, pàápàá tí mo bá ń gé irun kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ọwọ́Yá

Nínú mask, tẹ B kí búrọ́ọ̀ṣì dé, kó o wá tẹ D. Àwọ̀ méjèèjì á di funfun àti dúdú. Funfun ń ṣí, dúdú ń bò. Láti ibẹ̀ lọ, X nìkan ni: o bo ju bó ṣe yẹ, o tẹ X, o ṣí i padà, o tẹ X, o ń bá iṣẹ́ lọ. Mo máa ń tẹ X ju gbogbo lẹ́tà tó kù lọ lórí kíbọọ̀dù mi, kódà ojú ẹ̀ ti pa rẹ́.

Tí etí búrọ́ọ̀ṣì bá le jù, Shift+[ á jẹ́ kó rọ̀, Shift+] á jẹ́ kó le. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ihò wà nínú mask ẹ, tẹ Alt mọ́lẹ̀ kó o tẹ àwòrán kékeré mask náà níbi tí àwọn layer wà. Wàá rí mask nìkan, dúdú àti funfun, gbogbo ibi tó o fò máa hàn bí ìràwọ̀. Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, fọ́tò padà dé. Tó bá jẹ́ Shift lo tẹ̀ mọ́lẹ̀ dípò Alt, mask náà á sinmi ná, wàá rí bí fọ́tò ṣe wà kó o tó fọwọ́ kàn án.

Tuntun_Ni_Mí

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú ohun tí Àǹtí kọ, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì mi ti ṣe nǹkan kan. Òbìrí tó máa ń fi bó ṣe tóbi hàn mí ti lọ. Àmì àgbélébùú tín-ín-rín kan ló kù. Mo tẹ [ àti ] títí, kò yí padà lójú mi. Mo ti pa Photoshop, mo tún un ṣí, bákan náà ni.

Ọwọ́Yá

Caps Lock ẹ ló wà lókè. Tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, òbìrí á padà. Àwọn tó fẹ́ rí ojú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì dúró sí gan-an ni wọ́n ṣe é fún, kò bàjẹ́.

Tuntun_Ni_Mí

Ó padà! Ọlọ́run á bù kún yín, mà. Mo ti fẹ́ yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà kí n tún un gbé wọlé.

Ojúlówó

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyókù irú ẹ̀ kún un, nítorí àwọn wọ̀nyí ló ń lé àwọn ọmọ tuntun kúrò nídìí kíbọọ̀dù. Ọwọ́ á ṣèèṣì kan bọ́tìnì kan, nǹkan á yí padà, wọn ò ní mọ ohun tó fà á, wọ́n á ní àbùjá ò dáa.

Búrọ́ọ̀ṣì ń rìn ṣùgbọ́n kò kun nǹkan kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, apá ibì kan nínú fọ́tò lo ti yà sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀, o wá tẹ Ctrl+H. Ìlà wínníwínní tó ń rìn yíká ti fara pa mọ́, ṣùgbọ́n ààlà ẹ̀ wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ò sì lè kun kọjá ẹ̀. Ctrl+D á tú u sílẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì ń kun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi. O ti tẹ nọ́ńbà kan. 1 túmọ̀ sí 10%, 0 túmọ̀ sí 100%. Tó o bá yára tẹ 2 àti 5 tẹ̀ lé ara wọn, ó di 25%. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ ni nọ́ńbà náà ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì lo dì mú, búrọ́ọ̀ṣì ló máa fúyẹ́. Tó bá jẹ́ V, irinṣẹ́ tó ń gbé nǹkan kiri, odindi layer ló máa ṣá. Èyí ti bá iṣẹ́ mi jẹ́ rí. Mo fẹ́ dín agbára búrọ́ọ̀ṣì kù, mi ò rí i pé V ló wà lọ́wọ́ mi, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ tán kí n tó mọ̀ pé layer tó gbé gbogbo àtúnṣe ojú ti wá sí 30%. Ẹni tó ni fọ́tò ló pe àkíyèsí mi sí i. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń wo òkè kí n tó tẹ nọ́ńbà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Shift+Alt pẹ̀lú lẹ́tà tó ń yí bí layer ṣe ń dàpọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀: M fún Multiply, S fún Screen, O fún Overlay, N láti padà sí Normal. Tí búrọ́ọ̀ṣì bá wà lọ́wọ́ ẹ, búrọ́ọ̀ṣì ló máa yí padà, layer á wà bó ṣe wà. Tẹ V ná.

BàbáKámẹ́rà

Ojúlówó, o ṣeun. Mo fẹ́ fi ìkan sí i fún ẹni tó bá ń wo fídíò àtijọ́ láti fi kọ́ṣẹ́. Láyé ọjọ́un, Ctrl+Z ń dá ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo padà, tó o bá tún tẹ̀ ẹ́, ó dá a síwájú. Ctrl+Alt+Z la fi ń rìn sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Láti Photoshop CC 2019, tó jáde ní oṣù October 2018, Ctrl+Z ń rìn sẹ́yìn bó o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, Ctrl+Shift+Z ń rìn síwájú. Ẹni tí ti àtijọ́ bá ti mọ́ lára lè dá a padà láti inú Edit, níbi Keyboard Shortcuts. Àwa tá a ti pẹ́ níbẹ̀ jìyà díẹ̀ lọ́dún yẹn kí ìka tó gbà.

AyọńGIMP

Ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo ẹni tó wà níbí kọ́ ló ń lo Photoshop, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún àwa tá à ń lo GIMP. Àwọn kan bára mu: X àti D ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí àwọ̀, [ àti ] ń sọ búrọ́ọ̀ṣì di kékeré àti ńlá. Àwọn tó yàtọ̀ ló léwu, nítorí bọ́tìnì náà á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ló máa ṣe.

Ctrl+D tó ń tú ohun tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ nínú Photoshop, nínú GIMP ó ń ṣe ẹ̀dà odindi àwòrán sínú ojú ewé tuntun. Mo rí ẹnì kan tó ní ẹ̀dà mọ́kànlá ní ṣíṣí láìmọ̀, kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá ń wọ́. Shift+Ctrl+A ni ti GIMP. Ctrl+I nínú Photoshop ń yí àwọ̀ padà sí òdìkejì, nínú GIMP ohun tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ ló ń yí sí òdìkejì. B kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, P ni. Ẹ̀dà layer jẹ́ Shift+Ctrl+D. Láti GIMP 2.8, ti 2012, Ctrl+S ò sì lè fi fọ́tò pamọ́ bíi JPEG mọ́, fáìlì XCF tirẹ̀ nìkan ló ń ṣe. Shift+Ctrl+E lẹ máa fi mú JPEG jáde.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni bọ́tìnì / . Ẹ tẹ̀ ẹ́, àpótí kékeré kan á jáde, ẹ kọ díẹ̀ lára orúkọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ tẹ Enter. Ó máa ń fi bọ́tìnì àṣẹ náà hàn yín tó bá ní, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìdajì ohun tí mo mọ̀.

Tuntun_Ni_Mí

Tèmi tó jẹ́ Photopea nínú bíráósà ńkọ́? Mo tẹ Ctrl+T kí n lè yí ìwọ̀n nǹkan padà, ojú ewé tuntun ló ṣí.

AyọńGIMP

Bíráósà ló kọ́kọ́ ń gba Ctrl+T, Ctrl+N àti Ctrl+W, kò ní jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Photopea. Ṣọ́ra fún Ctrl+W gan-an, ó máa pa ojú ewé tí iṣẹ́ ẹ wà mọ́ ẹ lójú. Fún yíyí ìwọ̀n padà tó o fẹ́ ṣe, lọ inú ménù Edit, bọ́tìnì tí wọ́n fi rọ́pò Ctrl+T wà níwájú àṣẹ náà. Àwọn lẹ́tà kan ṣoṣo bíi B, J, S, X ò ní wàhálà.

Ṣàṣàyàn

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe ojú láti àárọ̀, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ibi tí àkókò ń sọnù sí jù: kí ẹ tó tún ọ̀kan ṣe, ẹ ní láti yan èyí tẹ́ ẹ máa tún ṣe. Tí mo bá ti ibi ayẹyẹ kan dé, fọ́tò 800 kì í wọ́n lọ́wọ́ mi. Inú Lightroom Classic ni mo ti ń yàn.

Mo tẹ E kí fọ́tò kan gba ojú kọ̀ǹpútà. Mo tan Caps Lock. (Èyí tó da Tuntun_Ni_Mí láàmú lókè, níbí olùrànlọ́wọ́ ni: tó bá ti wà lókè, gbogbo ìgbà tí mo bá fi àmì sí fọ́tò, èyí tó kàn á dé fúnra ẹ̀.) Ìka méjì ló kù tí mò ń lò. P, mo gbà á. X, mo kọ̀ ọ́. Tí ọkàn mi bá ṣe iyèméjì, mo tẹ ọfà ọ̀tún, mo kọjá. P, X, X, X, P, X. Mi ò kì í ronú ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lórí ọ̀kan. Tí mo bá parí, Ctrl+Backspace á kó gbogbo èyí tí mo kọ̀ jọ, á sì bi mí bóyá kó pa wọ́n rẹ́ kúrò lórí dísìkì tàbí kó yọ wọ́n kúrò nínú àkójọ nìkan. Ẹ ka ìbéèrè yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó dáhùn.

Tó bá di àtúnṣe ìmọ́lẹ̀, mo tẹ D, mo tún fọ́tò kan ṣe dáadáa, Ctrl+Shift+C kí n lè kó àtúnṣe náà, mo lọ sórí èyí tí wọ́n jọ yà níbì kan náà, Ctrl+Shift+V. Bọ́tìnì \ ń fi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ hàn mí. Ẹ kíyè sí X o. Bí R bá ti ṣí ibi tá a ti ń gé fọ́tò, X kì í kọ fọ́tò mọ́, ó ń gbé gígé náà nàró tàbí kó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Ojúlówó

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn àgbà dá sí. Èmi ti yí bọ́tìnì mi padà. Ctrl+Alt+Shift+K ń ṣí ibi tá a ti ń ṣe é nínú Photoshop. Ohun tí mò ń lò lójoojúmọ́ tí wọn ò fún ní bọ́tìnì, mo fún un. Àwọn tó jìnnà sọ́wọ́ òsì, mo fà wọ́n súnmọ́. Iṣẹ́ mi ti yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ló dé tí àwọn kan ń sọ pé kò dáa?

Ọwọ́Yá

Èmi wà lára àwọn tó ń sọ ọ́. Mo ti ṣe é rí. Mo yí bọ́tìnì bí ogójì padà, ó dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé mi lọ síbi iṣẹ́ tí mo ti máa lo kọ̀ǹpútà wọn, ọwọ́ mi dà bí ọwọ́ ẹlòmíì. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀, nǹkan ọ̀tọ̀ ló ń ṣe, ẹni tó ni iṣẹ́ sì dúró lẹ́yìn mi. Mo padà délé, mo dá gbogbo ẹ̀ padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é.

Níbi tí mo fara mọ́ ẹ: ohun tí ò ní bọ́tìnì tẹ́lẹ̀, fún un ní tìẹ, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ṣùgbọ́n má gba ilé onílé. B gbọ́dọ̀ jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì níbi gbogbo.

Ojúlówó

Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ibi tó o bá ti yí i padà, o lè fi í pamọ́ bíi fáìlì .kys, kó o gbé e sínú fláàṣì, kó o gbé e wọ kọ̀ǹpútà tó o bá bá pàdé. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn míì ò sì ní yíyàn. Lórí kíbọọ̀dù Faransé tàbí ti Jámánì, [ àti ] fẹ́ kó o tẹ AltGr mọ́ ọn, búrọ́ọ̀ṣì ò sì ní gbọ́ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń fi kíbọọ̀dù tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ Yorùbá náà lè bá irú ẹ̀ pàdé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ Windows+Space láti yí padà sí ti Gẹ̀ẹ́sì kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò.

Ọwọ́Yá

Mi ò lòdì sí ìyẹn fún ẹni tí kíbọọ̀dù ẹ̀ ò gbà á. Fún wọn, ọ̀nà kan tún wà tí kò gba [ àti ] rárá: lórí Windows, tẹ Alt mọ́lẹ̀, di bọ́tìnì ọ̀tún máòsì mú, kó o fà á. Sí ọ̀tún, búrọ́ọ̀ṣì á tóbi, sí òsì, á kéré. Sókè sísàlẹ̀ ń jẹ́ kí etí ẹ̀ rọ̀ tàbí kó le. Lórí Mac, Control àti Option lo máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, kó o wá fà á. Níbi gbogbo tá a ti ń kọ Ctrl látàárọ̀, Cmd ni kí àwọn oní-Mac kà á sí, Alt sì jẹ́ Option.

Fáìlì .kys yẹn ò ràn mí lọ́wọ́ níbi tí wọn ò ti jẹ́ kí n fọwọ́ kan ètò kọ̀ǹpútà wọn. Ibẹ̀ la ti yàtọ̀.

BàbáKámẹ́rà

Kí á má gbàgbé ọrùn ọwọ́ ọmọ yìí, òun ló gbé e wá. Adéfọ́tò, kíbọọ̀dù á gba ẹrù lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ, ṣùgbọ́n má gbé gbogbo ẹ̀ ru òsì. Ọdún tí mo kọ́ Ctrl+Alt+Shift+E, tó ń kó gbogbo ohun tó hàn jọ sórí layer tuntun kan, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ dùùrù, títí ìka kékeré mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Nǹkan tó bá ń gba ìka mẹ́rin, tó o sì ń lò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ lójúmọ́, ṣí Actions, gba ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, fún un ní bọ́tìnì F kan, bóyá F3. Ìka kan á wá ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Lórí lápútọ́ọ̀pù, ó lè jẹ́ pé wàá tẹ Fn mọ́ ọn.

Gbé kíbọọ̀dù súnmọ́ ara ẹ, kó yí díẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Jẹ́ kí àtàǹpàkò sinmi lórí Space, ìka kékeré nítòsí Ctrl. Apá kò gbọ́dọ̀ nà tantan. Tó bá ṣì ń ro ẹ́ lẹ́yìn tó o ti sinmi, lọ rí dókítà, má fi àbùjá wo ó sàn.

Adéfọ́tò (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ṣèlérí fún ara mi pé mo máa padà wá jíṣẹ́.

Mo fa ìlà bí Bàbá ṣe wí. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lé ní igba àti ogún, èmi gan-an ò gbà á gbọ́, mo tún un kà. Ó yà mí lẹ́nu pé kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì ló gba iwájú lọ́dọ̀ tèmi. Ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ layer ni, tí mo máa ń tẹ̀ kí n lè rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wà báyìí. Mi ò mọ̀ pé mo ń ṣiyèméjì tó bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ ara mi. Mo wá kọ́ pé tí mo bá tẹ Alt mọ́ ojú yẹn lórí layer ìsàlẹ̀, gbogbo layer yòókù á fara pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un tẹ̀, wọ́n padà. Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni Space. Ìkẹta ni [ àti ].

Lọ́sẹ̀ kejì mo mú X, Ctrl+J àti ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ níbí: tí búrọ́ọ̀ṣì bá wà lọ́wọ́ mi, tí mo tẹ E mọ́lẹ̀ láì jù ú sílẹ̀, mo pa nǹkan rẹ́, tí mo bá wá gbé ìka kúrò lórí E, búrọ́ọ̀ṣì padà fúnra ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn irinṣẹ́ míì náà. Ìlà tí mo fà lánàá jẹ́ mọ́kànlélógójì. Ọrùn ọwọ́ mi ò tíì dákẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ro mí mọ́ kí n tó jẹun alẹ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣì ń da ọwọ́ mi rú. Tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ sórí fọ́tò, tí mo wá tẹ B kí búrọ́ọ̀ṣì dé, b ló ń kọ sínú ọ̀rọ̀ náà. Mo fi orúkọ ẹnì kan ránṣẹ́ pẹ̀lú b mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀.

Ọwọ́Yá

O kú orí ire, mọ́kànlélógójì nínú igba àti ogún! Photoshop ṣì rò pé o ń kọ̀wé ni. Tẹ Ctrl+Enter kó lè mọ̀ pé o ti parí, kó o tó tẹ B.